Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ba Èso Jẹ́

Orí òrùlé ilé-ọlọ ni Galharda ti kọ́kọ́ rí Menaut, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn yòò lórí yìnyín òkè. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lórí igi àjà, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń kun orin bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọrùn ń ṣẹ́. Ìjì ló ṣí òrùlé náà. Ọmọ Kagó ni Menaut, ìran tí gbogbo ará abúlé ń yàgò fún, nítorí àwọn Kagó nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lábúlé wa.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: èmi náà wà níbẹ̀, mò ń dúró de ìyẹ̀fun mi, mo sì yára ṣe àmì àgbélébùú. Bí wọ́n ti tọ́ wa nìyẹn. Wọ́n ní àìsàn tí ojú kò rí ń bẹ lára àwọn Kagó, pé bí wọ́n bá di èso mú, yóò jẹrà kí wákàtí kan tó pé. Igi nìkan ni àìsàn náà kì í ràn, ìdí nìyẹn tí a fi fi iṣẹ́ igi sílẹ̀ fún wọn. Aṣọ pupa tí a gé bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sì gbọ́dọ̀ wà láyà wọn, kí èèyàn má baà ṣèèṣì sún mọ́ wọn.

Galharda, ọmọ Bidau tó ni ilé-ọlọ, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má tọpinpin rẹ̀. Ó mú ápù kan.

"Káfíńtà! Ṣé lóòótọ́ ni pé èso máa ń jẹrà lọ́wọ́ ẹ?"

Menaut yọ ìṣó lẹ́nu. "Èmi ò mọ̀ o. Ebi kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ó yá, dì í mú títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì á fi tún lù."

"Tí kò bá wá jẹrà ńkọ́?"

"Màá jẹ ẹ́."

Galharda jù ú sókè, Menaut hán an. Fún odindi wákàtí ni iṣẹ́ fi dúró, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lókè nísàlẹ̀. Agogo lù. Ápù balẹ̀ pupa bó ṣe lọ, Galharda sì gé e jẹ lójú gbogbo wa, omi rẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Menaut lanu wò ó. Mo ní, yéè, ọ̀rọ̀ ti dé!

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Òrùlé yìí ò ní parí ni?" Galharda bi í.

"Ó ku ihò kan, olólùfẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ẹ. Ta ló fẹ́ kí n dí i?"

Nígbà tí Bidau gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó bú ramúramù. "Kagó kẹ̀! Ta ló máa tún gbé àlìkámà wá fún mi lọ̀?"

"Bàbá, ta ló kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí mi sí?"

"Igi ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ìwọ kì í ṣe igi!"

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkàn mi náà kì í ṣe igi."

Bidau búra pé ọjọ́ tó bá fẹ́ Menaut, òun ò lọ́mọ mọ́. Ó dun Galharda wọra, nítorí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá yìí nìkan ló kù fún un. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Síbẹ̀ ó di ẹrù, ó kọjá afárá tó lọ sí àdúgbò àwọn Kagó, sọ́dọ̀ ìyá Menaut, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ pupa mọ́ àyà.

Ẹnu wa ò sinmi. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí aya oníbúrẹ́dì fi dé ilé-ọlọ tó ní Galharda ti ń rùn, pé etí rẹ̀ ti ń kúrú bí wọ́n ṣe ní tàwọn Kagó máa ń rí.

Bidau gbé àpò kalẹ̀. "Etí wo? Etí tí mo fọwọ́ ara mi lu, tí mo fi yẹtí ìyá rẹ̀ sí? Àná ni mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán létídò!"

Bidau jókòó sórí àpò, ojú tì í. "Bí a ṣe ń pa irọ́ náà nìyẹn," ó ní. "Èmi náà sì ti ń pa á látìgbà èwe mi."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Àwọn Kagó kì í gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúrú débi tó fi jẹ́ pé dandan ni kéèyàn tẹrí ba. Galharda tẹrí ba, ó wọlé. Menaut tẹ̀ lé e. Fàdá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé ni a gbọ́ gbì! Bidau ni, ó ń gba ilẹ̀kùn kékeré náà wọlé, ó sì forí gbá àtẹ́rígbà rẹ̀.

"Ta ló ṣe ilẹ̀kùn yìí kúrú tó báyìí?"

"Àwa la ṣe é, Bàbá," Menaut dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Galharda ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Bidau ra iwájú orí rẹ̀, ó rìn lọ síwájú, ó sì fi ọwọ́ lásán di ọwọ́ Menaut mú lójú gbogbo ìjọ.

"Lọ́la, gbé ayùn ẹ wá, ọmọ mi, ká gbé àtẹ́rígbà yìí ga," ó ní. "Èmi ni màá bá ẹ di àkàbà mú."