Ojú Fàúsátù Lára Ògiri

Ẹni tó ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí bí Monica ti kọ́ ọ.

Èédú, osùn àti búlúù ìfọṣọ ló fi ń ya ọjọ́ ọjà sára ògiri gbọ̀ngàn ilé-ìwé wọn l'Ọ́wọ̀. Ó ya àwọn ará Àkókó, èèyàn tirẹ̀, ó ya àwọn Ìgbìrà tó ń dáko ní Arimogija. Láàárín wọn ni Fàúsátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìgbìrà, wà, tó ru iṣu, tó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ọjà márùn-ún ni Fàúsátù fi dúró fún un kí ó lè yà á.

“Ìlú wa lo pe èyí?” Yétúndé, ọmọ ìjòyè ìlú, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, bú sẹ́rìn-ín. “Àlejò ń gbàlejò! Pa Ìgbìrà yìí rẹ́, kí o ya èmi síbẹ̀, a ó mọ̀ pé ara wa ni ọ́.”

Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù pàtẹ́wọ́. Láti ọdún mẹ́ta tó ti dé Ọ̀wọ̀ ni Monica ti ń wá ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó fi ẹfun kun ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ó fi funfun báláú, ó sì ya Yétúndé lé e.

Kò pé oṣù kan, ibà gbé Fàúsátù lọ.

Ìyá rẹ̀, Sẹ̀kínátù ahunṣọ, fẹsẹ̀ rìn wá láti Arimogija, eruku bò ó dé orúnkún.

“Monica, wọ́n ní ọmọ mi wà lára ògiri yín. A ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Fi í hàn mí, kí n máa lọ.”

Monica mú un lọ síwájú ògiri náà. Ó nawọ́ sí ibi tí ojú Yétúndé wà.

“Èyí kọ́. Ọmọ mi dà?”

“Abẹ́ rẹ̀ ló wà, Ìyá. Èmi ni mo pa á rẹ́.”

Obìnrin náà kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ẹfun. Ó ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Amọ̀ lásán ló rí.

Monica mú èédú. Ó gbàdúrà, ó dijú, ṣùgbọ́n ojú Fàúsátù kò wá sí i lọ́kàn. Ìgbà náà ló yé e pé ẹni tó pa ẹnìkejì rẹ́ kí wọ́n lè ka òun kún onílé, ara rẹ̀ ló sọ di aláìnílé.

Ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú mi, kí n wá ojú Fàúsátù nínú ojú yín.”