Ìpẹtà Ara Ọkọ̀ Bàbá Oyèníran

Ìpẹtà tí Ọ̀jẹ̀túndé ṣí kúrò lára ọkọ̀ náà gbóná. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo ará Súrùlérè ti là, oòrùn kò sì tíì dé ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀, ìpẹtà pupa tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó nà án sí Tíṣà Rótìmí.

"Tíṣà, ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Rótìmí fọwọ́ kàn án. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní irin tí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha, ó di dandan kó gbóná.  Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀jẹ̀túndé, panẹbítà tó ti ń lu ara ọkọ̀ ní Mushin láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì mọ bí irin ṣe ń gbóná. Kò tíì fi búrọ́ọ̀ṣì kan èyí. Ọwọ́ lásán ló fi ṣí i.

Ẹ má bá Rótìmí wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tó fi ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó wá ku òun àti ìyá rẹ̀ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Àárẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí oorun ń wò sàn. Ìyá náà, Màmá, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Caroline, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ara wọn sì le koko. Wọn kì í ṣe ibà, wọn kì í wúkọ́. Dókítà kan tiẹ̀ sọ pé ọkàn wọn ń lù bíi ti ọmọge. Iyè ni kò sí. Ọdún kẹfà rèé tí Màmá kò ti mọ Rótìmí mọ́. Á fún wọn lóńjẹ, á wẹ̀ wọ́n, á ka Sáàmù sí wọn létí, wọn á kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ògiri.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń béèrè. Bí wọ́n bá jókòó lójú fèrèsé, wọn á nàka sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á ní, "Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

Fọ́kìsì ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Oyèníran, bàbá Rótìmí, ló rà á nígbà tí náírà ṣì jẹ́ náírà. Kí bàbá náà tó kú, ó pe àwọn ọmọ jọ, ó ní, "Ẹ má tà á. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa jẹra níbẹ̀." Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Olórí kíláàsì ni Bàbá Oyèníran ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọmọ. Ọkọ̀ náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́ dé egungun.

Rótìmí wá dá a rò pé bí Màmá bá rí ọkọ̀ náà bó ṣe wà láyé ọjọ́sí, bóyá iyè wọn á sọ. Bóyá wọ́n á pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó lọ. Ìyẹn nìkan ló fẹ́ láyé. Ẹni tí ìyá tó bí i kò bá wò bí àlejò rí lè ní ohun kékeré ni.

Péńṣàn tíṣà kò lè tún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe bó ṣe yẹ, ni wọ́n bá ń ṣe é bí agbára ṣe mọ. Ọ̀jẹ̀túndé gé irin lára àgbá epo àtijọ́, ó fi lẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ọjà Ládìpọ̀ ni wọ́n ti ṣa fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan funfun. Rótìmí fúnra rẹ̀ ló ń fi sáńpépà ha wọ́n láràárọ̀, títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi iná jó fẹ́ńdà òsì mọ́ ọn, ó gbé ògì wọlé fún Màmá. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ojú sókè.

"Rótìmí," ni wọ́n wí, "ṣúgà rẹ̀ kéré."

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì nínú ògì tó dà sílẹ̀ náà, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kò tijú.

Láti ọjọ́ náà, bí irin ṣe ń bọ̀ sípò ni iyè ń bọ̀ sípò. Wọ́n jó ilẹ̀kùn ọ̀tún, Màmá dárúkọ àwọn ọmọ wọn mẹ́ta tó ti kú. Wọ́n gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e, Màmá kọ orin ìjọ láti orí dé ìdí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Rótìmí rí i pé láti ọjọ́ fẹ́ńdà òsì ni Màmá kò ti lè gbé apá òsì mọ́. Ó rí i pé omi ìwẹ̀ wọn ń pọ́n rúsúrúsú. Ó ní omi bọ̀hóò ni, ta ni kò mọ omi bọ̀hóò Súrùlérè? Lẹ́yìn náà ló gbọn ìrọ̀rí Màmá, tí ẹ̀rún pupa dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, tí yàrá sì ń rùn bí ìṣó tó wà nínú omi. Ó gbá a mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí kẹ́yìn. Gbogbo irin abẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, àfi àgádágodo kan tí wọ́n jó mọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n tì pa, tí wọ́n fi àkísà aṣọ obìnrin wé. Nígbà tí wọ́n tú àkísà náà, àgádágodo ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀jẹ̀túndé gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Tíṣà, ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò ní já ohun tí mi ò mọ ẹni tó tì í."

"Kí ni?"

"Ẹ lọ béèrè nílé yín."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: Àǹtí Àṣàkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń yan ẹja ní Ìwáyà. Rótìmí lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ilé wọn wà. Afẹ́fẹ́ omi iyọ̀ ti jẹ páànù òrùlé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó ti lu bí asẹ́. Àǹtí tẹ́tí gbọ́ ọ dé òpin, ojú wọn wà lórí omi.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn?"

Wọ́n wá rọ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí Rótìmí wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn oníṣègùn ní kí wọ́n gbé e lọ sílé lọ kú. Bàbá Oyèníran ti gbàdúrà títí. Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rọ irin ní Ọ̀yọ́.

"Wọ́n pààrọ̀ ni," ni Àǹtí wí. "Ohun tó yẹ kó ṣe ara ìyá rẹ, irin ni wọ́n ní kó máa ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń jẹra, ìyá rẹ ò ní jẹra. Ìjọ ò gbọdọ̀ gbọ́, ni ò ṣe sọ fún ẹ̀yin ọmọ."

"Iyè wọn tó lọ ńkọ́?"

"Ó ń bá irin lọ díẹ̀díẹ̀. Ta ló rántí iyè lọ́jọ́ tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́? Bí o ṣe ń tún irin ṣe yìí, gbogbo ẹ̀ ló ń padà sí i lára, ìrántí àti ìjẹrà. O ò lè mú ọ̀kan kí o fi ìkejì sílẹ̀."

"Bí mo bá wá já àgádágodo náà?"

"A jẹ́ pé o sin ín nìyẹn."

Nígbà tó délé, Màmá jókòó sí fáráńdà, wọ́n ń retí rẹ̀.

"O ti lọ rí Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Wọ́n rò pé mo ti dákú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?"

"Ayé wù mí nígbà yẹn." Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì lé itan. "Ó ti rẹ̀ mí, Rótìmí. Mo sin bàbá rẹ, mo sin ọmọ mẹ́ta. Ọdún mẹ́fà yìí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ bó o ṣe ń ka Sáàmù, mi ò rí ẹnu dá ẹ lóhùn. Òkùnkùn ni ibẹ̀. Má dá mi padà síbẹ̀. Já a, ọmọ mi."

Ó fẹ́ já a. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́. Ó mú ayùn irin, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ẹnu ayùn lé àgádágodo. Ìgbà náà ló gbọ́ tí Màmá wúkọ́ nínú ilé, ikọ́ kan péré, gbígbẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi irin ha irin. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní èmi ni. Ṣé ìwọ lè fi ọwọ́ ara rẹ já ìyá rẹ?

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Ọ̀jẹ̀túndé kó irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ọkùnrin náà kó wọn, ó lọ. Rótìmí wá kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó lọ sí Ìwáyà, ó pọn omi ọ̀sà oníyọ̀ kún wọn, ó sì dà á sára ọkọ̀ tó fi èékánná rẹ̀ tún ṣe. Ó dà á láàárọ̀, ó dà á nírọ̀lẹ́. Màmá ń wò ó lójú fèrèsé.

"Rótìmí, má ṣe é."

Kò gbójú sókè. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é, lójoojúmọ́ ni ìpẹtà ń yọ lábẹ́ ọ̀dà. Omi ìwẹ̀ mọ́. Apá òsì gbéra. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò gbọ́ ohùn kankan láti ojú fèrèsé mọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, ojú sì tì í pé ó dúpẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ wọlé. Ara Màmá dá ṣáṣá. Wọ́n rí i, wọ́n dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un, ìyá tó bí i lọ́mọ.

"Ẹ káàsán, sà," ni wọ́n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọkùnrin kan. Bí ẹ bá rí i níta, ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá tú mi sílẹ̀."

Rótìmí gbé wọn dìde, ó ní òun á sọ fún un. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹun tán, ó nu ẹnu wọn, lẹ́yìn náà ló mú kẹ́ẹ̀gì, ó jáde.