Òṣùwọ̀n Ìyìn Kì í Ṣojúsàájú

Ohun àkọ́kọ́ tí Bámidélé rí lára Ìyìn ni àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tí eruku Fìdítì ti kùn. Ọmọbìnrin náà dojúbolẹ̀ lẹ́yìn òkìtì àpò yanrìn lábẹ́ igi ọsàn, ó de ìbòtí ńlá tó ń dín ariwo kù mọ́rí, ó sì ń yọjú láti àárín àpò méjì wo ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju agolo mílíìkì lọ. Ẹ̀rọ náà ń ké lórí pátákó, ariwo rẹ̀ sì ń gbọn ewé ọsàn sílẹ̀.

Òjìji Bámidélé ló rí. "Dojúbolẹ̀!" ni ó kígbe láìbojú wẹ̀yìn.

Bámidélé kò bèèrè ìdí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Akinmorin ni, ó gbá ẹrù kan tó fi ìró ìyá rẹ̀ wé mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ẹrù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nà gbalaja sórí ọsàn jíjẹrà. Ẹ wá wo ọkùnrin tí kò tíì mọ orúkọ ẹnì kan nínú ilé, tó ti dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ìdílé.

Ariwo náà rọlẹ̀, ó di súfèé, ó dákẹ́. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó yọ ìbòtí, ó yíjú. Èéfín dúdú ti fa ìlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ níbi tó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

"Ẹ lè dìde, ó ti kú," ó ní. "Ẹ̀rọ ni mo ní o, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Èmi náà ò tíì dá ara mi lójú," ni Bámidélé fèsì, ó ń gbọn èèpo ọsàn kúrò láyà. "Ṣé gbogbo àlejò lẹ ń kí báyìí?"

"Àwọn tó bá wá láìkọ́kọ́ pè lórí fóònù nìkan ni."

Inú Bámidélé dùn, kò sì mọ ohun tó mú un dùn. Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá a rí.

Ọmọ Fìdítì ni Ìyìn, tíṣà físíìsì sì ni nílé ìwé girama kan ní Ìlọrà. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń fi bàlúù kékeré dárayá, bàlúù tó gùn tó ènìyàn, tí wọ́n ń darí láti ilẹ̀. Ẹ̀rọ tọ́báìnì ló ń gbé e fò bíi ti bàlúù ńlá, kẹrosíìnì ló sì ń mu. Ẹ̀rọ yìí wọ́n bí ojú, àwọn tó ń tà á sì lẹ́nu. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé ó lè fi agbára kílò mọ́kànlá ti nǹkan síwájú. Yóò délé, kò ní tó mẹ́jọ, bàlúù á já lulẹ̀ sínú oko olóko.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ wá fún Ìyìn. Á dè é mọ́ pátákó onítáyà, á tanná sí i, ẹ̀rọ á máa ti pátákó síwájú, òṣùwọ̀n á sì sọ iye kílò tó fi tì í. Iye tó bá rí náà ló ń kọ sórí Fesibúùkù, yálà ó dùn mọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ tàbí kò dùn mọ́ ọn.

Bámidélé tú ìró náà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò wá láti inú páálí kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta nínú àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀, láti ara tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì tírélà àti àwọn irin àlòkù.

"Kílò mẹ́sàn-án ni," ó ní. "Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tó pé, àwọn ará Ìbàdàn á rà á, wọ́n á sì ní kí n rọ márùn-ún sí i."

"Ta ló ní mẹ́sàn-án ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò wá yàtọ̀ sí páálí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ọ̀pẹ òyìnbó kan tó pọ́n dáadáa látinú báàgì. "Ìyá mi ní kí n fi kí yín."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbé e padà. Èmi kì í jẹ nǹkan ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Omi pàápàá, mi ò lè gbà á."

"Ọ̀pẹ òyìnbó ò lẹ́nu tó máa fi bẹ̀ yín."

"Ó ní adùn."

Fèrèsé ṣí lókè orí wọn. Díkónì Nehemiah ni, bàbá Ìyìn, tó kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì fún ọdún márùndínlógójì kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Ìyìn náà. Bámidélé dọ̀bálẹ̀, ó fi ìfẹ́ inú ṣe é lọ́tẹ̀ yìí.

"Bámidélé Èṣùbíyìí ni mò ń jẹ́, sà, láti Akinmorin."

Díkónì yọ awò ojú rẹ̀. Ó mọ àgbẹ̀dẹ ilé Èṣùbíyìí. Ó ti lọ wàásù níbẹ̀ rí. Wọ́n fún un ní bẹ́ńṣì jókòó, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, baálé ilé wá ní Ògún tó àwọn.

"Káàbọ̀," ni Díkónì wí, ó sì ti fèrèsé.

Ẹ̀rọ tuntun kì í gorí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ máa tàn án díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe ń gbọ̀n, wọ́n á wo bó ṣe ń gbóná. Sátidé márùn-ún ni Bámidélé fi wá sí Fìdítì. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá tó, á gbé ọ̀pẹ òyìnbó rẹ̀ jáde sí ìta géètì, Ìyìn á gbé iṣu sísun tirẹ̀ jókòó sínú ọgbà, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín irin géètì bí ẹni tó lọ wo ẹlẹ́wọ̀n. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o".

"Bí mo bá ní o rẹwà ńkọ́?" ni Bámidélé bi í lọ́jọ́ kan. "Ṣé ẹ̀bùn nìyẹn?"

"Ẹ̀bùn ni. Gbé e lọ sílé. Bí mo bá ti wọn ẹ̀rọ rẹ tán, kí o gbé e padà wá."

"Ọlọ́kadà ní ó ti wúwo jù."

Ìyìn rẹ́rìn-ín títí iṣu fi há a lọ́fun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń dijú tẹ́tí sí ẹ̀rọ, àti pé kì í bẹ òun pé kí òun fojú fo nǹkan kan.

Díkónì rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Mi ò ní kí o má wọn ẹ̀rọ rẹ̀ o," ó wí fún Ìyìn. "Ẹ̀rọ nìkan ni kí o wọ̀n. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ilé ológùn-ún."

Sátidé kẹfà ni wíwọ̀n gan-an. Ìyìn tanná, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ké dé góńgó, ó wo ojú òṣùwọ̀n. Méje. Ó pa á, ó tún un tàn. Méje. Lẹ́ẹ̀kẹta, méje.

"Bámidélé, kílò méje ni."

Bámidélé mọ̀ pé nínú àgbẹ̀dẹ, mẹ́sàn-án lòun ń rí nígbà gbogbo.

"Ohun tí o rí nìyẹn?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ìró wé ẹ̀rọ rẹ̀, ó kí Díkónì, ó lọ. Ìyìn kọ méje sórí Fesibúùkù, ó wọ yàrá, ó sunkún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Sìrájù, olórí àwọn ará Ìbàdàn, ti kọ̀wé pé àwọn ò rà á mọ́.

Ìyìn rò pé òun ò ní fojú kan Bámidélé mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kadà dúró níwájú géètì, Bámidélé sọ̀kalẹ̀. Kò gbé ẹ̀rọ kankan. Ọ̀pẹ òyìnbó kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi ò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́," ó ní. "Ṣé o lè jẹ ẹ́ wàyí?"

Ìyìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló ṣíwájú. Wọ́n jókòó síta géètì lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá wọn.

"O ò bínú sí mi?"

"Mo bínú sí méje. Ìwọ kọ́ ni méje. Ìyìn mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ti ìgbéyàwó, jẹ́ kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀ ná kí n tó dá ọ lóhùn."

Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, ó ti dé Ìbàdàn kí wọ́n tó fọwọ́. Sìrájù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: "Àǹtí Ìyìn, a gbọ́ o! Ẹ kú oríire." Ní ọjọ́ Àìkú, Díkónì sọ fún gbogbo ìjọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ò fọwọ́ sí ọmọkùnrin náà, kí ẹnikẹ́ni má sì kí òun kú oríire.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Nígbà tí Ìyìn ti ilé ìwé dé, ó gbé ẹ̀rọ kan tó ti wọ̀n lọ́dún tó kọjá sórí pátákó. Kílò mẹ́jọ ni nígbà náà. Mẹ́fà ló rí báyìí. Ó yẹ òṣùwọ̀n wò, ó yẹ táyà wò, ó wá fọwọ́ kan rọ́bà tó ń gbé epo lọ sínú ẹ̀rọ. Rọ́bà tuntun ni, ó nípọn, ó sì le. Àtijọ́ ń jò, ló fi pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó wọn ẹ̀rọ Bámidélé gan-an. Ó yẹ òṣùwọ̀n wò kó tó so rọ́bà náà, kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó so ó tán. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ti pátákó síwájú, rọ́bà ń fà á sẹ́yìn, kílò méjì ló sì ń jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó pe Bámidélé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé.

"Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́," ni Ìyìn wí. "Mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ rẹ. Òṣùwọ̀n mi ló purọ́."

Bámidélé fò sókè. "Ó tán nìyẹn! Kọ ọ́ kí ayé rí i."

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Mi ò tíì jẹ ọ̀pẹ òyìnbó rẹ tí mo fi kọ méje. Mo jẹ ẹ́ tán, mo wá kọ mẹ́sàn-án?"

Ọ̀rọ̀ náà yé e, ojú rẹ̀ rọlẹ̀. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Màá rọ òmíràn. Ohun tí mò ń wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́."

"Kò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí mo bá fi irọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí ìtìjú, òpùrọ́ lo fẹ́ gbé níyàwó. Bí mo bá sì kọ òtítọ́ tí wọn ò gbà á, orúkọ mi ti bàjẹ́, iṣẹ́ mi ti tán. Má bi mí léèrè ìgbéyàwó mọ́ títí ọ̀rọ̀ yìí fi máa tọ́."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń ronú ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó máa tún ẹ̀rọ yìí wọ̀n gbọ́dọ̀ mọ òṣùwọ̀n lò, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó lè ní ó fẹ́ràn Bámidélé. Ìyìn gbójú sókè wo fèrèsé bàbá rẹ̀. Bámidélé náà wò ó.

"Háà," ni Bámidélé wí.

Ìyìn lọ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ẹ̀rọ Bámidélé."

"Èmi? Èmi tí mi ò fẹ́ rí i sójú?"

"Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn, sà. Gbogbo ìjọ ló mọ̀."

"Ṣé ọmọ náà mọ̀ pé èmi lo fẹ́ gbé e fún?"

"Ó mọ̀, sà. Ó ní òun fara mọ́ ohunkóhun tí ẹ bá rí."

"Kí ó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé," ni Díkónì wí.

Ó ṣe é bí ìdánwò ìjọba. Ó ní kí Ìyìn àti Bámidélé bọ́ síta géètì. Ó ní kí Sìrájù, tó ti Ìbàdàn wá wòran, jókòó sí ìdí ọsàn mìíràn lọ́hùn-ún kó di etí rẹ̀. Ó so rọ́bà mìíràn tó rọ̀, ó fi irin tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ òṣùwọ̀n wò kí ó tó so ó, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó so ó. Ó wá fi ọjọ́ orí àádọ́rin dojúbolẹ̀ sẹ́yìn àpò yanrìn, ó ń kérora.

Ẹ̀rọ náà ké. Díkónì yọjú. Kílò mẹ́sàn-án, ó lé díẹ̀.

Kò sí ojú kejì nídìí òṣùwọ̀n. Bó bá kọ méje, ọmọ alágbẹ̀dẹ á gbé ìró ìyá rẹ̀ lọ sí Akinmorin, ọ̀rọ̀ á parí. Kò yẹ kí n sọ èyí nípa díkónì, ṣùgbọ́n ó rò ó. Ó rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rántí gbogbo ọmọ tó ti nà nínú ọdún márùndínlógójì, nítorí pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí dípò ohun tí wọ́n rí. Ó kọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ó tún ẹ̀rọ náà tàn lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó ṣí géètì. "Mẹ́sàn-án, ó lé díẹ̀," ó wí, bí ẹni tó ń bá wọn jà. Sìrájù hó yèè. Bámidélé dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, mo ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ó jẹ́ méje, ṣé o mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo fura, sà."

"Kí ló dé tí o ò jà?"

"Ìyìn ní ohun tí òun rí nìyẹn, sà. Mi ò fẹ́ kó kọ ohun tí kò rí nítorí mi."

Díkónì nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá bá bàbá rẹ ní Akinmorin. Màá béèrè ìwà rẹ lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kí inú má bí ọ. Èmi kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Bí mo bá bá ire níbẹ̀, mi ò ní dènà yín."

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, sà."

Bámidélé yíjú wá Ìyìn, kò rí i. Ìyìn ti sáré wọlé. Bámidélé dúró dè é títí, kò jáde. Nígbà tó yá, ó gun ọ̀kadà, ó kọrí sí ilé. Ó ti jìnnà sí Fìdítì kí fóònù rẹ̀ tó dún. Ohun tí Ìyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórí Fesibúùkù ni.

"Mo ṣe àṣìṣe. Mo kọ kílò méje fún ẹ̀rọ tí wọ́n rọ ní Akinmorin. Rọ́bà tí mo fọwọ́ ara mi so ló fà á sẹ́yìn. Bàbá mi ló tún un wọ̀n, èmi ò sí níbẹ̀. Kílò mẹ́sàn-án ni, ó lé díẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ lọ́la pé mo fi nǹkan pamọ́: mo nífẹ̀ẹ́ ẹni tó rọ ẹ̀rọ yìí, òun ni mo sì fẹ́ fẹ́. Láti òní lọ, mi ò ní wọn ẹ̀rọ rẹ̀ kankan mọ́."

Bámidélé kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọwọ́ kan ọlọ́kadà léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà."

"Kí lẹ gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan," ni Bámidélé wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi lóhùn ni."