Ẹ̀ẹ̀mẹta Lára Ibùsùn Irin

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó dákẹ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ara tèmi ló ti ṣẹlẹ̀, lójú oòrùn, ojú mi sì dá ṣáká.

Aránṣọ ni mí. Abẹ́rẹ́ ni ọkọ mi ń pè mí, nítorí iṣẹ́ mi àti nítorí ẹnu mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìyá rẹ̀ fi wà lórí ibùsùn irin ní yàrá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti kú. Bó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi òrùka wọn kan irin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kó, kó, kó. N ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, n ó po omi gbígbóná mọ́ tútù nínú ife tánganran, n ó gbé e lọ fún wọn. Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí rẹ̀ kò di, ṣùgbọ́n kò gbé ife yẹn rí lọ́jọ́ kan. Ó ní ọwọ́ mi ló bá màmá lára mu.

Wọ́n kú. A sin wọ́n tòun ti òrùka wọn. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mo tún mí kanlẹ̀.

Ìsinmi wo? Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin wọ́n, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo bá ara mi ní yàrá ẹ̀yìn, ife omi lọ́wọ́ mi, níwájú ibùsùn òfìfo. Mi ò gbọ́ kíkàn kankan. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo padà dé ìdí ẹ̀rọ, mo rí i pé mo ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ ife náà mọ́ ògiri.

Ogójì aṣọ ilé-ìwé ni mo gbà rán. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní bí mo bá tún pẹ́, òun á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun, àbí ta ló ń gbé rédíò wá fún àtúnṣe mọ́?

"Ó ti mọ́ ọ lára ni," ọkọ mi wí. "Má wulẹ̀ dìde."

Ẹ gbọ́ o. Bí ẹni pé èmi ni mò ń gbé ara mi dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi. Oòrùn ni. Ní agogo mẹ́rin, ó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, á bà lé irin tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ti ń bà lé e láti ọdún mẹ́rin, mi ò kà á sí. Bó bá ti kàn án báyìí, ẹsẹ̀ mi á gbéra. Lọ́jọ́ tí òjò ṣú, mo jókòó, mi ò dìde. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọwọ́ bà ọ́ lónìí, oòrùn olè.

Ibì kan ṣoṣo ni oòrùn kì í dé nínú ilé wa: yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ mi bá mi gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Àyè kò gba àga, mo bá jókòó sí etí ibùsùn. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Ọwọ́ mi yá lọ́jọ́ yẹn. Agogo mẹ́rin lù. Rédíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ mi ni. Ife tánganran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò mí.

"Ẹ gbà, Màámi," ó wí.

Èébú ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi ti nà kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mu omi náà tán. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí màmá ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Ọkọ mi ṣẹ́jú. "Ṣé ìwọ lo kan irin?"

"Irin wo?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi. Àlùmọ́gàjí ni mo dì mú, ẹnu rẹ̀ wà lára irin ibùsùn, níbi tí òrùka màmá ti ha ọ̀dà kúrò. Mo fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ mi kò dáhùn. Ó tó wákàtí kan kí ẹsẹ̀ náà tó padà di tèmi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbé ẹ̀rọ padà síwájú, a gbé ibùsùn náà jù síta. Mo parí ogójì aṣọ. Ọ̀gá ilé-ìwé yìn mí, ó kó ọgọ́ta mìíràn fún mi. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan irin ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mi á kú. Ọkọ mi á gbé omi dé, n ó mu ún, ẹsẹ̀ á sì padà. Ojoojúmọ́.

Lówùúrọ̀ yìí ló bínú. Ó ní òun kò lè máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí omi. Ẹnu mi, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

"Ó ti mọ́ yín lára ni," mo fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹ má wulẹ̀ dìde."

Báyìí, oòrùn ti kan irin ẹ̀rọ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ti kú. Mò ń gbọ́ rédíò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.