Ohun Tó Wà Nídìí Àmù

Nígbà tí wọ́n tẹ́ Sylvie sínú pósí, ìdérí kò dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ̀ ẹ́ títí, ikùn òkú náà kò gbà. Wọ́n ní láti kan pákó mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pósí kí ó lè ga sí i, gbogbo àwọn tó wá sìnkú sì dúró nínú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ ìró òòlù, ẹnì kan kò wo ojú ẹnì kejì. Obìnrin tí kò lóyún rí, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àgbàdo, kí ló kún inú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bo ojú oórì tán, ìdáhùn kan ti ń lọ láti etí dé etí ní abúlé náà, lọ́nà Odomèta: àjẹ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ ti mọ àjẹ́ ọ̀hún.

Yéjídé ni wọ́n ń wò. Clément ni ọkọ Sylvie, Yéjídé sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá Clément tó ti kú. Ilé ọkọ ti tú mọ́ ọn lórí ní Adakplamè, kò bímọ kankan, ó padà sílé bàbá rẹ̀, wọ́n sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn agboolé. Yàrá yẹn ló tutù jù níbẹ̀, nítorí àmù ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ rì sínú iyanrìn tútù. Lórí òkè Kétu, níbi tí kànga ti jìn débi pé okùn ń bó ènìyàn lọ́wọ́, omi tútù kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn ìyàwó ilé a máa yà mu omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Sylvie ló máa ń yà jù.

Lẹ́yìn ọdún kan, Clément fẹ́ Aurore. Ìyàwó kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé tí Marguerite, ìyá Clément, fi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbogbo ènìyàn tó wà nínú ilé yìí ni kí o máa kí dáadáa. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀yìnkùlé yẹn, má mu ún."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó mu ún jù ló wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún."

Aurore kò mu ún. Ìkórè àgbàdo kọjá, òmíràn tún kọjá, kò sí oyún. Ohùn Marguerite bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bí ó bá rí Aurore tó ń gbálẹ̀, a ní, "Gbá a dáadáa o, kò kúkú sí ọmọ tí yóò tú u ká." Cyriaque, àbúrò Clément tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ìyàwó wa, àfi ká tú ẹ̀ńjìnnì yìí wò!"

"Ọkọ mi kékeré, tú ti ara rẹ ná," ni Aurore máa ń dá a lóhùn. Bí ó bá di pé ó ku òun nìkan, a sunkún.

Ó mọ ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ ran àwọn tó ń wá ọmọ lọ́wọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni orúkọ. Ìyàwó tíṣà kan ní abúlé náà, Élodie, ti gba abẹ́rẹ́ kí ó tó bí, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́ fáyé gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ abẹ́rẹ́ ni gbogbo abúlé ń pe ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣubú, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló jábọ́. Bí ó bá gbọ́n, wọ́n á ní orí abẹ́rẹ́ mú. Élodie kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Kétu. Aurore búra pé bí òun bá bí, ẹnikẹ́ni kò ní pe ọmọ òun bẹ́ẹ̀.

Ó parọ́ fún Clément pé òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, Ghislaine. Kútọnu ló lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́ ọ bí yóò ṣe po ìyẹ̀fun inú ìgò kékeré pọ̀ mọ́ omi, bí yóò ṣe fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìdodo.

"Tọ́jú rẹ̀ síbi tútù," ni nọ́ọ̀sì wí. "Orí lè máa fọ́ ọ, ọmú lè máa ro ọ́, inú lè máa bí ọ láìnídìí. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ikùn rẹ bá ń wú kíákíá, tí ìtọ̀ rẹ dín kù, tí èémí ń há ọ, padà wá lójú ẹsẹ̀. Má dúró wo ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ."

Aurore gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ náà, ibi tútù ló ń dá ọkàn rẹ̀ láàmú jù. Fírígò kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò ni ti ẹni tó ń ta ohun mímu lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu onífírígò kò sì ní ìdérí. Ibo ló tún tutù? Ó ronú kan iyanrìn abẹ́ àmù.

Ó bá Yéjídé níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀wà.

"Ìyá Àgbà, mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ sọ́dọ̀ yín."

Yéjídé wo ike dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi í pé kí ni. "Lábẹ́ àmù, àbí?"

Aurore ta gìrì. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ibo ló tún tutù nílé yìí?"

Aurore kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ó ní kò gbọ́dọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Yéjídé ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ó fi igbá bu omi, ó fi ìka mẹ́ta mú erùpẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Ilẹ̀ la ó mu nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́, kí ilẹ̀ gbé e. Ṣé o lè mu ún?"

"Mo lè mu ún."

Aurore ló kọ́kọ́ mu. Arúgbó náà mu tirẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì, bí ẹni tó ti mọ adùn rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni Aurore, tí kì í dé ẹ̀yìnkùlé tẹ́lẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Marguerite rí i. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Aurore. Inú rẹ̀ ń ru fún ohun tí kò tó nǹkan: Cyriaque dá àpárá ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Aurore sì da omi ìfọṣọ lù ú lára. Marguerite rí ìyẹn náà.

Ọyẹ́ dé, ewé gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bà sẹ́yìn ògiri yàrá Yéjídé. Wọn kì í ké. Wọ́n á bà sílẹ̀, wọ́n á tẹrí ba mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á tún tẹrí ba, bí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún ọba. "Ẹgbẹ́ ti dé," ni Marguerite máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, ó ká aṣọ ìkélé balùwẹ̀ láìkágò. Aurore kò rí aṣọ fà bora. Marguerite rí àmì kéékèèké tó wà káàkiri nísàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, òmíràn dúdú, òmíràn aláwọ̀ ewé.

"Kí ló ṣá ọ jẹ báyìí?"

"Ẹ̀fọn ni, Ìyá."

"Nínú ọyẹ́?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹyẹ ló ń ṣá ọ jẹ, o sì ń bò ó mọ́lẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lọ́jọ́ kìíní, Aurore fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, aṣọ rẹ̀ kò so mọ́, ó sì ń bì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó dà bí aboyún oṣù mẹ́fà, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ nítorí èémí. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì padà sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Sylvie ń kọ́? Ta ló mọ̀ pé mo ń gún abẹ́rẹ́? Ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ ta ló ń wà nítòsí àwọn ìgò yẹn nígbà tí mo bá sùn? Ọwọ́ ẹni kan náà. Aurore sì ti mu ilẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ yóò gbé e. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ó dojú kọ ògiri, ó dákẹ́.

Marguerite kò dákẹ́. Ó lọ bá Ògúntádé, baálé agboolé, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, ìyàwó lásán ni mí nínú ilé yìí, ẹni tí mo fẹ́ fẹ̀sùn kàn, ọkọ mi obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ikùn ọmọ yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tún kan pákó mọ́ pósí ni?"

Ọ̀sán ni wọ́n wọ yàrá Yéjídé. Wọ́n gbé Aurore jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, Clément dì í mú. Cyriaque àti bàbá kan tó ń jẹ́ Ràmọ́nù yí àmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Cyriaque tọwọ́ bọ iyanrìn, ó sì fà á yọ bí ẹni tí ejò bù jẹ. Abẹ́rẹ́ ló gún un.

"Abẹ́rẹ́ àjẹ́ rèé!" ni Marguerite ké.

Wọ́n hú u síta: abẹ́rẹ́, àti ìgò kéékèèké tí orí wọn ń dán. Ìkẹyìn tí Cyriaque hú jáde ti dógùn-ún lórí. Aurore rí i. Èyí kì í ṣe tèmi, ló wí nínú ara rẹ̀, ẹ̀rù tó bà á sì kọjá ti tẹ́lẹ̀.

"Yéjídé," ni Ògúntádé wí, "ọmọ bàbá mi ni ọ́. Kí ni nǹkan wọ̀nyí?"

Yéjídé wo ilẹ̀.

"Sọ̀rọ̀! Bí o bá ní ẹnu, sọ̀rọ̀!"

"N kò ní nǹkan kan láti sọ."

"Ó dáa. Kí oòrùn tó wọ̀, kí o ti kúrò nínú agboolé yìí. Cyriaque, gbé alùpùpù rẹ. Kí ìwọ àti Clément gbé ìyàwó yìí lọ sí Adakplamè, sọ́dọ̀ ẹni tó ń fa omi àjẹ́ jáde nínú ikùn."

Ẹ̀ńjìnnì bú. Wọ́n gbé Aurore sáàárín ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ti funfun. Yéjídé ti di aṣọ rẹ̀ sínú ìdì kan, ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kò da ilẹ̀, yóò sì wà láàyè níbikíbi tó bá dé. Ó dé ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Ó dúró. Ó ju ìdì náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ilẹ̀, tìrẹ ni mí. Gbé mi bí o bá fẹ́." Ó nà ró. "Clément! Abẹ́rẹ́ dókítà ni! Kútọnu ló ti gbà á, ó ń gún ara rẹ̀ kó lè lóyún fún ọ. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ikùn bá wú, kó padà kíákíá. Bí o bá gbé e lọ sí Adakplamè, òkú lo máa gbé bọ̀!"

"Irọ́ ni!" ni Marguerite wí. "Ẹ máa gbé e lọ!"

"Aurore," ni Clément wí, "ṣé òótọ́ ni?"

Aurore la ojú. Ó wo arúgbó tó ti da ilẹ̀ nítorí rẹ̀, arúgbó tí òun náà ti ń pè ní àjẹ́ nínú ọkàn. Kò lè fọhùn. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni.

Clément fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn ìgò náà sínú ike. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ.

Clément padà wá mú aṣọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, agboolé sì pagbo yí i ká. Ó ní oògùn náà ló ru ilé ẹyin Aurore sókè ju bó ṣe yẹ lọ, omi ara rẹ̀ wá ń jò sínú ikùn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn kan, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un. Ògúntádé fúnra rẹ̀ gbé ìdì aṣọ Yéjídé padà sínú yàrá. Síbẹ̀, ojú kò kúrò lára arúgbó náà. Wọ́n ń dúró wo ìgbà tí ilẹ̀ yóò gbé e. Òun náà ń dúró: ó fọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sí orí ẹní.

Aurore dé nígbà tí ojú ọ̀run ń ṣú fún òjò àkọ́rọ̀. Ikùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò sí oyún nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Àwọn ẹyẹ wà lẹ́sẹ̀ ògiri, ó sì sún mọ́ wọn tó báyìí láti rí ohun tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún: omi àmù ló ń yọ́ jáde lábẹ́ ògiri, wọ́n ń mu ún.

"Ìyá Àgbà, ilẹ̀ ò mà gbé yín."

"Ó ṣì ń rò ó ni," ni Yéjídé wí.

Aurore rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ìgò tó dógùn-ún ló wà níbẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ní oògùn kan náà ni pẹ̀lú tèmi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ju ìgbà tí mo wọlé yìí lọ. Ta ló ni ín?"

Yéjídé wo ìgò náà títí.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, Ìyá Àgbà, ẹ rántí pé ilẹ̀ la mu. Mo rántí. Mo dákẹ́ títí wọ́n fi kan pákó mọ́ pósí." Ó nu ojú. "Ìmùlẹ̀ méjì ni mo mu nínú yàrá yìí, Aurore. Èyí tí mo pa mọ́ ló pa ènìyàn. Èyí tí mo dà ló dúró síwájú mi yìí."

Nǹkan kan dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Yéjídé rẹ ohùn sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí igbá, ó bu omi, ìka rẹ̀ sì ń wá ilẹ̀. "Bí Clément bá gbọ́ èyí... Ṣé ká mu ún?"

Aurore gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ kí erùpẹ̀ tó bọ́ sí i. Ó mu omi náà tán bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Marguerite ló wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ata nílẹ̀ tí ata kankan kò sí.

"Ìyá, ẹ wọlé. Ẹ yéé gbọ́ ọ̀rọ̀ látẹ̀yìn ògiri. Ẹ pe ọmọ yín náà, kí ẹ wá gbọ́ ohun tó pa Sylvie."

"Èmi? Kí n wọ ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá sì bímọ lọ́jọ́ kan, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ abẹ́rẹ́ ni. Èmi ni n ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀."

Marguerite wo ìgò tó dógùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo arúgbó tó jókòó ti aṣọ funfun. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.