Ìrìn Wákàtí Márùn-ún sí Jídà

Bàálù tó gbé Bùsírátù lọ sí Mẹ́kà kò tíì balẹ̀ ní Jídà nígbà tí a gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta.

Èmi Asiata, tí mo ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn, àti Sìlífátù, ìyáálé rẹ̀, ń sá àdìrẹ lẹ́yìnkùlé. Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí Sìlífátù, mi ò sì lè dá a lẹ́bi tán. Òun ló bá Jùbrílù ọkọ wọn jìyà ìbẹ̀rẹ̀. Owó aró tó ń rẹ ni wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà wá dé, ìyàwó kékeré ni ọkùnrin náà mú dání. Ó tún ń fi ìrìn náà yangàn létí wa: láti Ìkẹjà sí Jídà ju ẹgbàá máìlì lọ, wákàtí márùn-ún péré ni bàálù yóò sì fi fò ó.

"Wákàtí márùn-ún," ni Sìlífátù ń wí ṣáá. "Wọ́n á sì máa pe ọmọ yẹn ní Àlájà lójú mi."

Nílé wa, a kì í gbá yàrá arìnrìn-àjò títí yóò fi dé ibi tó ń lọ, kí a má baà gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Nígbà tó dá Sìlífátù lójú pé bàálù ti gbéra, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá yàrá Bùsírátù títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dé ná," ni mo wí. Ó pòṣé sí mi.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ikọ́ yẹn fi dún.

A rọra ṣí ilẹ̀kùn. Bùsírátù jókòó ṣánṣán sórí àpótí nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú níbi tí wọ́n ń de bẹ́líìtì bàálù sí. Yàrá náà tutù, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

"Bùsírátù, báwo lo ṣe dé ibí?" ni mo bi í.

"A ò tíì balẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló dáhùn, kò wojú wa.

Kò jẹun, kò sì dìde. Lọ́jọ́ kẹta ni Jùbrílù ránṣẹ́ láti Jídà pé òun tòògbé díẹ̀ lójú òfurufú, nígbà tí òun sì jí, bẹ́líìtì ìyàwó òun ṣì wà ní dídè, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Nígbà tó gbọ́ pé Bùsírátù wà nílé, kò dúró ṣe Háájì, ó padà wálé. Sìlífátù ti dirun tuntun, ó ti se ọbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn. Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sínú yàrá yẹn, ó jókòó ti Bùsírátù, òun náà sì fi ọwọ́ di ikùn mú.

Sìlífátù gbé oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi tutù. Ó ń jowú gan-an.

"Bàbá Sìdí, èmi tí mo wà nílé ńkọ́?"

Jùbrílù yíjú sí i díẹ̀díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan etí.

"Ariwo bàálù yìí pọ̀ jù," ló wí. "Mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ."