Ẹrù Ìyálé ní Yàrá Ìyàwó

"Rodiat, ṣé o ti sùn ni?"

"Mi ò sùn o, Àǹtí. Mò ń ronú ni."

"Ìrònú wo ló ń hanrun báyẹn?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Rodiat náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti rẹ ẹnu rẹ̀ pàápàá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́ kúrò létí ẹnu, ó tún kọjú sí kọ̀ǹpútà méjì tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti àárọ̀ ni ọrùn rẹ̀ ti ń lọ síhìn-ín, tó ń lọ sọ́hùn-ún bíi fáànù. Fáànù gan-an sàn jù ú lọ. Tí wọ́n bá mú iná lọ, fáànù á sinmi.

Iléeṣẹ́ tó ń kó ohun èlò iná wọ̀lú ni Rodiat ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ní Ìsọlọ̀. Wọ́n ń ta kẹ́tù, wọ́n ń ta áyọ́ọ̀nù, gílóòbù àti ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n. Ọjà kankan ò gbọdọ̀ kúrò ní sítọ́ọ̀ wọn àfi tó bá ti yege àyẹ̀wò, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò sì tíì kọjá ọjọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sí, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní dátábéèsì: orúkọ ọjà, ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ máa parí. Dátábéèsì àtijọ́ ti gbó. Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ dákú ná. Ni wọ́n bá ra tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́, tí ẹnu wọn kì í sinmi, sọ àtijọ́ ní Ìyálé, wọ́n sọ tuntun ní Ìyàwó.

Kí wọ́n tó lè kó ẹrù Ìyálé lọ sí yàrá Ìyàwó, ó di dandan kí ẹnìkan fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Ṣé nǹkan kan ò ní já sọ́nà? Ṣé ohun tí Ìyálé ń pè ní òkè, Ìyàwó ò ní máa pè é ní ilẹ̀? Wọ́n ti da ẹ̀dà ẹrù náà sọ́dọ̀ Ìyàwó láti fi dán an wò. Rodiat àti Sherifdeen ni wọ́n ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni. Àǹtí Àjíbíkẹ́, tó jẹ́ máníjà, ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ yìí bá lọ dáadáa, òun á fún wọn ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Rodiat nílò lẹ́tà yẹn gan-an. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó wá láti Ìwó, ti kán lẹ́sẹ̀, inú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Òkè-Afá ló ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fáwọn èèyàn láàárọ̀, ó ń gbálẹ̀ báǹkì kan ní Àgọ́ Palace nírọ̀lẹ́. Ó ti rẹ gbogbo wọn nílé débi pé bí ẹnìkan bá yán, á yí gbogbo yàrá ká kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Sherifdeen, wá wo nǹkan," ni Rodiat wí nígbà tí Àǹtí jáde. "Áyọ́ọ̀nù yìí, October first ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀ máa parí. Kẹ́tù yìí, October first. Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n funfun yìí náà, October first. Ọdún kan náà, ọdún tó jìnnà réré. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n o. Ṣé ìbejì ni gbogbo wọn ni?"

"Lọ́dọ̀ Ìyàwó ńkọ́?"

"October first náà ni."

"Ó bára mu àbí kò bára mu?"

"Ó bára mu."

"Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ní ká wò ó bóyá ó bára mu, ó bára mu, o tún fẹ́ máa ṣe ọlọ́pàá fún kọ̀ǹpútà. Bóyá àwọn ọjà yẹn kàn fẹ́ràn Ọjọ́ Òmìnira ni. Máàkì ẹ̀, jàre, ká lọ jẹ bọ̀ọ̀lì."

"Ṣé kò yẹ ká bi Bàbá Ọláyanjú?"

Bàbá Ọláyanjú ló ń tọ́jú Ìyálé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Nígbà tí Ìyàwó dé, wọ́n ní kí bàbá máa lọ sí sítọ́ọ̀ nísàlẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ tó o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ sọ ọjà tó ti ra aago fún ẹ.

"Bàbá Ọláyanjú kẹ̀?" Sherifdeen gbá orí mú. "Ìwọ lọ bi wọ́n. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, o ti di ìyá ọmọ."

Rodiat wo àtẹ̀gùn ilé náà. Ìbéèrè kan péré ni. Àmọ́ lójú ẹni tó ti rẹ̀, àtẹ̀gùn kúkúrú a máa dà bí Òkè Olúmọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ń kọ ọ́ lóminú, oorun sì ń kùn ún. Oorun àti ìkọminú jìjàkadì díẹ̀, oorun dá ìkọminú mọ́lẹ̀. Rodiat máàkì gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Àjíbíkẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìbéèrè kan ló bi wọ́n. "Àwọn ibi tí kò yé yín, ṣé ẹ bi Bàbá Ọláyanjú?"

Sherifdeen bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," ni Rodiat dáhùn. "A bi wọ́n."

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ kọ lu eyín.

"Ẹ káre. Ó yá, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù."

Wọ́n kó ẹrù Ìyálé tán, wọ́n pa Ìyálé fúnra rẹ̀, Ìyàwó gba ilé. Ohun tí Ìyàwó bá ti ní ó yege, wọ́n á kó o sínú lọ́rì. Àwọn páálí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n funfun tó ti ń gba eruku ní kọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀ náà jáde lọ sí ìgboro.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wọlé tòun tariwo. Rótìmí lorúkọ rẹ̀, ó ń gẹrun fáwọn èèyàn ní Àgọ́ Palace. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, náílọ̀n dúdú wà lọ́wọ́ kejì. Ó da ohun tó wà nínú náílọ̀n sórí tábìlì. Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n funfun ni, àbí ká sọ pé ó ti jẹ́ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apani! Fáànù kan ni mo fi sí i, mo fi kílípà sí i. Kì í ṣe pé mò ń se ẹ̀wà nídìí ẹ̀ o! Ó yọ́ bí àbẹ́là. Ibi tí mo ti fẹ́ fà á yọ ló ti jó mi lọ́wọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá," ni Àǹtí Àjíbíkẹ́ wí.

"Kí ni kí n fi pẹ̀lẹ́ ṣe? Oníbàárà mi tí mo gẹ orí ẹ̀ dé ìdajì sá jáde. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì padà wá gẹ ìdajì tó kù!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àǹtí wo Ìyàwó. Ìyàwó ní ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n funfun kò níṣòro, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣì dára títí di October first ọdún tó jìnnà yẹn. Àǹtí ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí náà gan-an wá. Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Bàbá Ọláyanjú.

"Bàbá, ta ló kọ ọjọ́ yìí?"

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Ìyálé kì í gbà kéèyàn fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, kò ní tọ́jú ohun tẹ́ ẹ kọ. Torí náà, ọjà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀ ò bá tíì dé, Ọjọ́ Òmìnira la máa ń kọ síbẹ̀. Àṣà ọ́fíìsì wa ni. Gbogbo àwa tá a jọ ń lò ó nígbà yẹn la mọ̀ pé tá a bá ti rí ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjà náà."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Rodiat. Lọ́dọ̀ Ìyálé, ọjọ́ yẹn ń sọ pé, "Ẹ dúró ná." Lọ́dọ̀ Ìyàwó, ọjọ́ kan náà ń sọ pé, "Ó ti yege, ẹ máa tà á." Ó bára mu lóòótọ́. Ó bára mu gẹ́lẹ́.

"Ẹ wá ń wò ó, tí wọ́n ń kó o jáde ní sítọ́ọ̀?" ni Àǹtí béèrè.

"Ìyàwó ló ní ó ti yege. Mo rò pé èsì ti dé ni. Ká ní ẹnìkan bi mí ni..."

"Wọ́n bi yín! Rodiat ní àwọn bi yín."

Bàbá Ọláyanjú wo Rodiat. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ó dáa," ló wí. "Bóyá wọ́n bi mí, kí n gbàgbé. Ọjọ́ ń lọ. Orí mi ò jí pépé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Ẹ lọ sinmi nílé, Bàbá. A máa pè yín."

Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ohun tí "a máa pè yín" ń fà lẹ́yìn: iṣẹ́ ti bọ́. Sherifdeen sún mọ́ Rodiat.

"Dákẹ́ o," ló sọ sí i létí. "Lẹ́tà wa ti wà lórí tábìlì Àǹtí. Mo fojú mi rí i."

Rodiat rántí ilé. Ó rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó. Ó tún wo bàbá arúgbó yẹn, tó dúró, tó fọwọ́ dì mọ́ ìlẹ̀kùn, tó ń gbìyànjú láti rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí, wọn ò gbàgbé," ló wí. "A ò bi wọ́n. Mo parọ́ fún yín. Mo rí ọjọ́ yẹn, ó ṣe mí bákan, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, mi ò lọ bi wọ́n. Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n yìí nìkan kọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá lọ́rì òní dúró."

"Ó rẹ̀ ẹ́?" Rótìmí na ọwọ́ rẹ̀ jáde. "Ọwọ́ mi ló jó, ìwọ ló wá rẹ̀!"

Àǹtí Àjíbíkẹ́ kọ́kọ́ sáré lọ dá lọ́rì dúró. Nígbà tó padà dé, ó jókòó, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Rodiat, Sherifdeen, ẹ máa lọ gba èyí tó ti jáde padà, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ máa lọ sílé yín. Ká ní ẹ ṣàṣìṣe ni, mo lè bá yín tún un ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá parọ́ fún mi lórí ọjà tó lè jólé, mi ò lè gbà á síṣẹ́."

"Èmi náà ò bọ́ nínú ẹ̀bi," ni Bàbá Ọláyanjú wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí ẹ tó pa Ìyálé. Inú orí mi nìkan ni mo fi í sí." Ó yíjú sí Rodiat. "Tó o bá tún ní ìbéèrè níbikíbi tó o bá wà, máa bọ̀. Màá gé e kúrú."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Àgọ́ Palace, Òkè-Afá, Ìsọlọ̀. Oòrùn mú, Sherifdeen ń kùn, páálí ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn kan bú wọn, àwọn kan ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ní Apakun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́níkẹ́, tó ń tajà létí títì, ò tiẹ̀ gbà rárá.

"Ẹ fẹ́ kó ọjà kúrò lórí àtẹ mi? Ta ló rán yín, ọ̀tá mi àbí orogún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Rodiat wí, "ẹ kàn fọwọ́ kan èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò fúnra yín yẹn."

Ọ̀kan nínú ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n funfun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọmọ rẹ̀ sùn lé, fáànù kékeré wà nídìí ẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ẹní, lẹ́yìn náà ló yọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kúrò níná.

"Ẹ kó o," ló wí. "Ẹ kó gbogbo ẹ̀."

Nígbà tí Rodiat délé, ìyá rẹ̀ ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.

"Lẹ́tà ńkọ́?"

Rodiat jókòó sílẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi tó ti tutù.

"Rodiat, ó rẹ̀ mí. Bó ṣe rẹ̀ mí tó yìí, mi ò lágbára ìbínú. Jẹ́ kílẹ̀ mọ́."

Ìyá rẹ̀ kì í yẹ àdéhùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán ló bẹ̀rẹ̀.

"Ó rẹ̀ ẹ́! Ta ni kò rẹ̀? Ṣé torí pé ó rẹ̀ mí, mo ti gbá ìdajì báǹkì, kí n sọ fún máníjà pé mo gbá a tán rí? Tó bá rẹ̀ ẹ́, sọ pé ó rẹ̀ ẹ́! Ẹnikẹ́ni ò ní nà ẹ́. Àmọ́ má sọ pé o ti ṣe ohun tí o kò ṣe!"

"Ó kúkú sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn," ni bàbá rẹ̀ wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ̀! Òun ni ò jẹ́ kí n tíì ju garawa yìí! Ẹ jẹ́ kí n bínú mi tán ná!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kó rẹ èèyàn. Gbogbo wa ló ń rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ kí àárẹ̀ bá òun dáhùn ìbéèrè. Nǹkan méjì lè bára mu kí méjèèjì má sì tọ̀nà. Àfi kéèyàn béèrè, torí abèèrè kì í ṣìnà. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ó máa gba nǹkan lọ́wọ́ yín, bó ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Rodiat. Àmọ́ ọmọ kan ń sùn lórí ẹní ní Apakun lónìí, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ì bá ti ṣẹlẹ̀ sí òun.